Àdúrà Ìyá Kì í Ba Gẹ̀ẹ́sì Ọmọ Jẹ́

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ̀yin bàbá ọmọ, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan gbogbo ilé tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama wà. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ mọ bí ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe pàtàkì tó. Ọmọ lè mọ ìṣirò bí ẹni mowó, bí kò bá ní kírédíìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, yóò ṣòro fún un láti wọ yunifásítì. Ìbẹ̀rù èyí ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ìyá máa lé Yorùbá jáde nínú ilé, tí wọ́n rò pé bí Yorùbá bá jáde, Gẹ̀ẹ́sì yóò wọlé. Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ìyá kan tí ń ta àlùbọ́sà lọ́jà wá bá mi ní ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ kan. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní kíláàsì mi, ìdánwò ìwé mẹ́wàá sì ti sún mọ́lé. Ìyá náà ní: “Àǹtí, wọ́n ní Yorùbá tí mo ń bá ọmọ mi sọ ni kò jẹ́ kí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti pa ẹnu mọ́. Tẹ́lẹ̀, bí ó bá ń jáde láàárọ̀, mà á gbé ọwọ́ lé e lórí, mà á ṣe àdúrà fún un dáadáa. Ní báyìí, ‘God bless you’ nìkan ni mo gbọ́, òun náà ni mo ń sọ. Ọmọ yìí tún wá ń sọ fún mi pé n kò sọ ọ́ dáadáa, ó ní ‘God blesses you’ ni ó yẹ kí n wí.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní: “Màmá, ẹ̀yin ni ẹ tọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí àdúrà yín.”

Ìdí rẹ̀ nìyí. A kọ́ àwọn ọmọ pé bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan tí ń ṣe nǹkan, ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì a máa gba “s” sí ìdí. Ọmọ náà di òfin yìí mú ṣinṣin. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní mood, èyí tí ó ń fi hàn bóyá ìròyìn ni a ń sọ, tàbí àṣẹ ni a ń pa, tàbí ohun tí ọkàn wa ń fẹ́ ni a ń tọrọ. “God blesses you” jẹ́ ìròyìn: Ọlọ́run ń bùkún ọ. “God bless you” jẹ́ àdúrà: kí Ọlọ́run bùkún ọ.

Ní ọjọ́ kejì, mo kọ méjèèjì sí ara pátákó. Mo wá bi kíláàsì pé, kí ni ìyá yín wí fún yín kí ẹ tó jáde láàárọ̀ yìí? Ọwọ́ sọ sókè. “Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ.” “Kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ.” “Kí o bọ̀ láyọ̀.” Mo ní kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn. “Kí” ni. Lẹ́yìn náà mo bi wọ́n léèrè pé, nígbà tí a bá túmọ̀ As-salamu alaykum sí Gẹ̀ẹ́sì, èé ṣe tí a fi ń wí pé “Peace be upon you”, tí a kì í wí pé “Peace is upon you”? Ọmọ ìyá alálùbọ́sà ni ó dáhùn: “Nítorí pé àdúrà ni, kì í ṣe ìròyìn.”

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ “If I were you” tí ó máa ń dààmú àwọn ọmọ. Wọ́n rò pé “were” ń sọ nípa àná. Rárá o. Ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ ni ó ń sọ. Yorùbá náà ní ti rẹ̀: “Bí ó bá wá, n ó rí i” yàtọ̀ sí “Bí ó bá wá ni, ǹ bá rí i.” Ọmọ tí ó gbọ́ Yorùbá dénú kò ní ṣi méjèèjì lò. Ẹ̀kọ́ tí a ń pariwo lé lórí ní kíláàsì, ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ nílé láìmọ̀.

N kò sọ pé èdè méjèèjì jọra. “Ó” kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò fún ọkùnrin, obìnrin àti nǹkan, nítorí náà ọmọ a máa kọ “he” fún ìyá rẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ ní ọ̀wọ̀ tún lè pe ìyá kan ṣoṣo ní “they”, nítorí “wọ́n” ni ó ń pè é nílé. A ń gbọ́ ọ̀rọ̀, a ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún wọn. Bí a bá fi èdè méjèèjì wé ara wọn lójú ọmọ, yóò rí ibi tí ọ̀nà ti pínyà. Ọmọ tí kò ní èdè kan nílẹ̀, kí ni yóò fi wé e?

Èdè kì í sì í bẹ̀rù èdè. Láti inú Lárúbáwá ni àdúrà, àlàáfíà àti àlùbọ́sà ti wá dé ọ̀dọ̀ wa. Láti inú Lárúbáwá kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí “sugar”, “cotton” àti “coffee”.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babatunde Fafunwa, tí ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti 1970, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6 gbáko, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ẹ̀kọ́ kan láàrin àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ bá ọmọ yín sọ Yorùbá tí ó jinlẹ̀. Bí ó bá ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ní kí ó sọ ìtàn inú rẹ̀ fún yín ní Yorùbá. Bí kò bá lè sọ ọ́, kò ì tí ì yé e. Ẹ ra ìwé fún un, kí ó máa ka díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ó bá ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba àdúrà òwúrọ̀ lẹ́nu yín.

Kí Ọlọ́run fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wọ́n láǹfààní, kí ó sì jẹ́ kí a jèrè wọn. Àmín.