Ọ̀dà Kọ́ Ni Ọkọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pa òwe yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nínú ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé, nígbà tí mo bá ń ṣàlàyé pé kí ìyàwó ilé tó ra kọ́tìnnì olówó gọbọi, kí ó kọ́kọ́ wo òrùlé bóyá ó ń jò. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òwe náà yóò kọjú sí èmi fúnra mi, nínú ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù, pẹ̀lú àwọn ìbejì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni mo gbé wá sí ojú ewé yìí. Ọ̀rọ̀ ilé ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọgbà mẹkáníìkì ni mo ti kọ́ ọ.

Peugeot 504 ni ọkọ̀ tí mo ń wí, irú èyí tí ó ní àyè ẹrù lẹ́yìn. Ní ọdún 1968 ni wọ́n gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé, àwọn oníròyìn ọkọ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù sì dìbò yàn án ní ọkọ̀ tí ó ta yọ jù lọ fún ọdún 1969. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ tí ó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot ní orílẹ̀-èdè wa. Nígbà tí ó di ọdún 1979 ni píkọ́ọ̀pù rẹ̀ jáde. Àwọn òbí wa mọ̀ ọ́n dáadáa: ọkọ̀ àgbẹ̀ ni, ọkọ̀ alápatà ni, ọkọ̀ oníṣòwò ni. Irin pẹlẹbẹ tí a tò léra wọn ni ó wà ní ìdí rẹ̀, kì í ṣe irin tí a ká bí òrùka gẹ́gẹ́ bí ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹrù tó wúwo kì í fi í bà á lẹ́rù.

Bàbá mi ra tirẹ̀ ní ọdún 1985, kí wọ́n tó bí mi. Ó fi ń kó kòkó láti oko wa ní agbègbè Ìkirè. Ní ọjọ́ tí kò bá sí kòkó, ìyá mi a fi kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí ọjà. Owó tí ọkọ̀ náà pa wà lára ohun tí ó rán mi dé yunifásítì. Lẹ́yìn tí bàbá wa papò dà, a gbé e sí abẹ́ igi máńgòrò. Koríko hù yí táyà rẹ̀ ká, adìyẹ sì ń sàba lórí ìjókòó rẹ̀. Ní ọdún 2021, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pinnu láti tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Ìyá mi kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tí ó ń fi ọwọ́ nu eruku orí ọkọ̀ náà, bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Mo bẹ àwọn ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún mi.

"Akúrẹtẹ̀ lo fẹ́ gbé lọ ilé ọkọ yìí o," ni wọ́n wí.

Ní Ìbàdàn, mo bá àwọn mìíràn pàdé tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wù. Ọjọ́ Sátidé ni a máa ń pàdé ní ọgbà mẹkáníìkì kan. Olùkọ́ àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀. Ó ti to pákó tuntun sí àyè ẹrù ti ọkọ̀ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ báǹkì kan wà níbẹ̀ tí ó yọ ẹ́ńjìnnì tí ń lo bẹntiróòlù, tí ó sì fi ti dísù rọ́pò rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń ṣe iṣẹ́ iná ọkọ̀, tí a ń pè ní rewáyà, ni ó bá mi pààrọ̀ gbogbo wáyà tí eku ti jẹ. Olórí wa ni Bàbá Mẹkáníìkì, ẹni tí ó ti ń tún Peugeot ṣe láti ìgbà tí ó ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Bí ẹnì kan nínú wa bá rí ojúlówó ẹ̀yà ọkọ̀ ní Gáàtì, tàbí ní ọjà Ládìpọ̀ ní Èkó, a pe àwọn yòókù. Èmi ni mo ń rán ìjókòó fún gbogbo wọn, nítorí abẹ́rẹ́ kò ṣàjèjì sí ọwọ́ mi.

Mo kọ́ ohun púpọ̀ níbẹ̀ tí ó wúlò fún ilé. Mo kọ́ pé a kì í kun ọ̀dà lé ìpáàrà lórí. Abẹ́ ọ̀dà ni yóò ti máa jẹ irin lọ, títí yóò fi lu jáde. Mo kọ́ pé òjé lè wà nínú ọ̀dà àtijọ́, àti pé eruku rẹ̀ léwu fún ọpọlọ ọmọdé. Nítorí náà, n kì í mú ọmọ lọ sí ibi tí a ti ń ha ọ̀dà, n kì í sì í fọ aṣọ iṣẹ́ mi pọ̀ mọ́ aṣọ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà tí mo kọ̀ láti kọ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, Bàbá Mẹkáníìkì pè mí, ó ní:

"Tíṣà, ẹ gbọ́ o. Ọkọ̀ tí kò lè rìn kò lè pa ènìyàn. Èyí tí kò lè dúró ni kí ẹ bẹ̀rù. Bíréèkì ni kí a ṣe báyìí, kí á tó sọ̀rọ̀ ọ̀dà."

Owó àjọ tí ó kù lọ́wọ́ mi kò lè ṣe méjèèjì. Ìyá mi yóò pé ẹni àádọ́rin ọdún ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, mo sì ti pinnu pé ọkọ̀ náà ni yóò jẹ́ ẹ̀bùn ọjọ́ náà, kí ó máa dán bí ìgbà tí bàbá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Bíréèkì ṣì ń mú, lójú tèmi. Mo ra ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Bàbá mi orí.

"Ó dáa, ẹ má gbé e kọjá àárín ìgboro. Kí ẹ sì jẹ́ kí a de bẹ́líìtì sí i, nítorí àwọn ọmọ."

Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ayẹyẹ náà, ọkọ mi bi mí pé, "Ìyá Ìbejì, ṣé gbogbo rẹ̀ ti pé?" Mo dá a lóhùn pé, "Ó ti pé."

Ní òwúrọ̀, mo gbé àwọn ìbejì, ọmọ ọdún méje, sí ẹ̀gbẹ́ mi, mo dè wọ́n ní bẹ́líìtì. Ọkọ mi ń bọ̀ lẹ́yìn nínú ọkọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ. Nígbà tí a kọjá Ẹgbẹ́dá, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, bí ìgbà tí ẹnì kan ń fà á lẹ́yìn, òórùn ohun tí ń jóná sì ń wọlé. Mo rò pé láti ara ọkọ̀ tí ó wà níwájú ni. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ sí ìhà Aṣéjìrẹ́, mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi sì wọlẹ̀ ṣọ̀ọ̀, bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Mo tún tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan kan. Ọkọ̀ akóyanrìn wà níwájú mi.

Ọlọ́run ni ó kó mi yọ, pẹ̀lú ohun tí Bàbá kọ́ mi. Mo fa jíà wálẹ̀ sí kejì, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, mo ń fa bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, mo sì darí ọkọ̀ sínú koríko lẹ́bàá ọ̀nà. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ kan ni ó dá wa dúró. Bẹ́líìtì di àwọn ọmọ mú. Ọ̀kan nínú wọn wò mí, ó ní, "Màámi, ṣé a ti dé ilé Màmá Àgbà?"

Ọkọ mi sáré dé. Kò bú mi. Ó fi ọwọ́ kan orí àwọn ọmọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá wò mí. "Ìyá Ìbejì, ṣé ó ti pé?" N kò rí èsì fọ̀.

Nígbà tí Bàbá Mẹkáníìkì tú bíréèkì náà, ó fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn mí. Rọ́bà tí epo bíréèkì ń gbà kọjá ti wú nínú nítorí ọjọ́ orí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ ń dán. Bí mo bá tẹ bíréèkì, epo ń lọ. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀, kò lè padà. Bíréèkì wá di àwo irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú láìtú, gbogbo rẹ̀ sì gbóná. Epo bíréèkì a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, tiwa sì ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Nígbà tí ó gbóná, omi inú rẹ̀ hó, ó di oorú. Èmi tí mo ń kọ́ni nípa ìkòkò àti ooru mọ èyí dájú: omi kò ṣeé fún pọ̀, ṣùgbọ́n oorú ṣeé fún pọ̀. Oorú ni ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀.

Mo sọ gbogbo òtítọ́ fún ọkọ mi ní alẹ́ ọjọ́ náà, títí kan ìkìlọ̀ tí mo fi etí dídi sí. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kì í ṣe owó ni ó dùn mí. Èsì tí o fún mi ni." Láti ọjọ́ náà, èmi àti ọkọ mi ni a jọ ń ka ìwé ìnáwó ọkọ̀ náà.

A ra rọ́bà tuntun, a pààrọ̀ epo àti gbogbo ohun tí ó ti gbó nínú bíréèkì, a sì dán an wò fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Oṣù kejì ọdún 2023 ni ọkọ̀ náà tó dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ọ̀dà rẹ̀ ti ha ní ibi tí ó ti fara gbo òkìtì, n kò sì tíì rí owó tún un ṣe. Ìyá mi kò tilẹ̀ wo ọ̀dà. Ó wọlé, ó jókòó sí ibi tí ó máa ń jókòó sí, ó ní, "Tẹ bíréèkì rẹ̀ kí n rí i. Bàbá rẹ kì í gbéra láìtẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta."

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó mú. Ìyá mi wá ní, "Ó yá, gbé mi dé oko."

Ẹ̀yin aya àti ìyá, bóyá ọkọ̀ ni ẹ ń tún ṣe ni, bóyá ilé ni, bóyá ọjà ni ẹ ń dá sílẹ̀, ohun tí ń dá ẹ̀mí sí ni kí ó ṣáájú. Ohun tí ń mú iṣẹ́ lọ ni kí ó tẹ̀ lé e. Ẹwà ni kí ó kẹ́yìn, kì í sì í ṣe pé ẹwà burú. Bí ẹni tí ẹ jọ ń gbé ilé bá sì bi yín pé ṣé ó ti pé, bí kò bá tíì pé, ẹ sọ fún un pé kò tíì pé.