Orúkọ Ẹni Tí A Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Rẹ̀

Kò sí apá kan nínú iṣẹ́ ìwádìí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ìkánjú ṣe tó ojú-ìwé ìkẹyìn, níbi tí a ti ń to àwọn ìwé àti àwọn ènìyàn tí a tọ́ka sí. Lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìyà kọ́mà àti àmì ìdánudúró ni olùkọ́ fi ń jẹ wọ́n níbẹ̀. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ibi tí òǹkọ̀wé ti ń san gbèsè ni ìtọ́kasí. Yorùbá ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹni tí ó bá sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn tí kò dárúkọ rẹ̀, òun gan-an ni ọlọ́ṣà náà.

Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni mò ń gbé, níbi tí olú ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, wà. Nítorí pé mo ti pẹ́ nídìí kíkọ́ni ní èdè Yorùbá, àwọn kan ní àdúgbò a máa gbé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìwé àtìgbàdégbà wá kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ẹ̀yìn ni mo máa ń ṣí i. Àtẹ ìtọ́kasí a máa sọ irú ẹni tí òǹkọ̀wé jẹ́ fún mi kí n tó ka gbólóhùn rẹ̀ kan.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò ni orúkọ. Ìlànà APA, tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀, ní kí a fi orúkọ ìdílé ṣáájú, kí lẹ́tà kan sì dúró fún orúkọ àbísọ. Èyí kò ni àwọn tí ó ṣe ìlànà náà lára. Ṣùgbọ́n A àti O àti Ọ ni ó bẹ̀rẹ̀ púpọ̀ nínú orúkọ tiwa. Bí a bá kọ ‘Adéyẹmí, O.’, ta ni ẹni náà? Ṣé Olú ni, tàbí Oyè? Bí a bá tún yọ àmì tí ó wà lábẹ́ Ọ kúrò, Ọlá àti Ọmọ náà ti wọ inú èrò, ọ̀rọ̀ sì ti dàrú. Ní ti èyí, ìlànà MLA, tí ó fi àyè gba orúkọ àbísọ ní kíkún, bá wa lára mu jù.

Títò orúkọ pàápàá ní ọgbọ́n tirẹ̀. Lẹ́tà 25 ni álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ní. GB ń tẹ̀lé G, gẹ́gẹ́ bí Ọ ti ń tẹ̀lé O. Nínú àtẹ tí a fi èdè Yorùbá ṣe, Gíwá ni yóò ṣáájú Gbádégẹṣin, Oyèdélé ni yóò sì ṣáájú Ọdẹ́tókun. Kọ̀ǹpútà tí a fi ti Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yóò yí wọn padà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ èdè rẹ̀ ni yóò tún wọn tò. Àkọlé ìwé ńkọ́? A kì í tún un ṣe. Ní ọdún 1955 ni Isaac Delano tẹ Aiye d'Aiye Oyinbo jáde, kí àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 tó dé. ‘Aiye’ ni ó kọ. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ di ‘Ayé’ nínú ìtọ́kasí ti tọ́ka sí ìwé tí Delano kò kọ.

Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ẹni tí ìjánu náà wà lẹ́nu rẹ̀. Ní ọdún 1966, ìwé eré onítàn kan jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, The Imprisonment of Obatala and Other Plays, tí a kọ Obotunde Ijimere sí gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé rẹ̀. Orúkọ Yorùbá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ulli Beier ni ó fi í bojú, ará Jámánì tí ó gbé Òṣogbo wa níbí, tí òun àti Dúró Ládiípọ̀ jọ dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní 1962. Ijimere ni a ó kọ, nítorí òun ni ó wà lára ìwé. Kí a sì fi Beier sínú àkámọ́, kí ẹni tí ń ka iṣẹ́ wa má baà pè é ní ẹ̀rí láti ẹnu ọmọ Yorùbá. Bákan náà, S. A. Babalola tí ó kọ The Content and Form of Yoruba Ijala ní 1966 ni Adeboye Babalola tí ó kọ Àwọn Oríkì Orílẹ̀ ní 1967. Bí a bá tò wọ́n bí ẹni méjì, a ti pín baba kan sí ọ̀nà méjì.

Èyí tí ó ká mi lára jù kò sí nínú ìwé. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo kọ iṣẹ́ lórí oríkì àwọn ìdílé kan ní Òṣogbo. Ìyá àgbà kan ni ó kì wọ́n fún mi ní ọ̀sán mẹ́ta, tí mo sì ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo to orúkọ rẹ̀ sínú àtẹ ìtọ́kasí láàárín àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Nígbà tí iṣẹ́ náà padà dé, olóòtú ti fa igi lé orúkọ ìyá. Ó ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kì í wọ àtẹ. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó gba oríkì lẹ́nu irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ nìkan ni ó ṣẹ́kù.

Mo yẹ ìlànà wò, mo sì rí i pé olóòtú kò purọ́. Àtẹ̀jáde keje ìlànà APA, tí ó jáde ní 2019, sọ pé inú iṣẹ́ nìkan ni a ti ń dárúkọ ẹni tí a bá sọ̀rọ̀, nítorí òǹkàwé kò lè padà lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ̀jáde kan náà gbà pé bí a bá ti gba ìmọ̀ àtẹnudẹ́nu sílẹ̀ síbi tí ẹlòmíràn lè dé, ó yẹ kí ó wọ àtẹ. Ọ̀rọ̀ wá yé mi. Mo kó ohùn ìyá lọ sí ilé ìkàwé kan pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀, wọ́n fún un ní nọ́ńbà, mo sì fi nọ́ńbà náà dá olóòtú lóhùn. Orúkọ ìyá padà sí ipò rẹ̀. Kí ìwé náà tó jáde, ó ti filẹ̀ bora. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti lè gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, ẹ tẹ̀lé ìlànà tí wọ́n bá fún yín, ẹ má ṣe dá tiyín sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ẹ bá lọ gba ìmọ̀ lẹ́nu àgbà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún pẹ̀lú àmì ohùn, bí òun fúnra rẹ̀ ti pè é. Ẹ kọ ọjọ́ orí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, agbo-ilé rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ pàdé, àti ibi tí ohùn rẹ̀ wà. Ẹ bèèrè bóyá ó fẹ́ kí a dárúkọ òun. Bí kò bá fẹ́, ẹ bò ó. Bí àtẹ kò bá gba orúkọ rẹ̀, ẹ bẹ olóòtú pé kí ó jẹ́ kí ẹ to Àwọn Abẹ́nà Ìmọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni má sì ṣe sọ pé ẹsẹ Ifá tàbí oríkì kì í ṣe ti ẹnì kan. Òótọ́ ni pé gbogbo wa ni a jogún rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ẹnì kan ni a ti gbọ́ èyí tí a kọ sílẹ̀, bí ó sì ti kì í ni a ṣe kọ ọ́. A kì í gba àkàkà lọ́wọ́ akítì.