Ẹ má tíì ju àpótí dísíìkì Toughbook yín nù
Ẹ̀yin tí kọ̀ǹpútà alágbèéká Panasonic Toughbook CF-29 àtijọ́ wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju àpótí háàdì dísíìkì rẹ̀ nù. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ń fà á yọ. Irin ni, wọ́n sì fi nǹkan rírọ̀ tẹ́ inú rẹ̀ nítorí ìjábọ́. Dísíìkì IDE tó wà nínú rẹ̀, tó ní abẹ́rẹ́ 44 lẹ́nu, ti di ará àtijọ́ lóòótọ́, àmọ́ àpótí náà ṣì le koko! Káàdì CompactFlash lè rọ́pò dísíìkì yẹn pẹ̀lú àdápítọ̀ kékeré, torí òun náà gbọ́ IDE, kò sì ní ohun tó ń yí nínú tí ìgbọ̀nrìrì máa bà jẹ́. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ kó fáìlì yín síbòmíràn kí ẹ tó tú u.