Kòtò tí Mo Gbẹ́ sí Ẹ̀gbẹ́ Kànga

Èmi ni mo ní kí bíríkìlà gbẹ́ sókàwéè síbẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, kòtò yìí ti sún mọ́ kànga jù. Tí òjò bá dé, ohun tó wà nínú ẹ̀ máa rìn o." Mo bi í pé ta ló ń san owó iṣẹ́ fún ta. Ó panu mọ́, ó mú ṣọ́bìrì rẹ̀, ó gbẹ́ ẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, n kò lè dì í ru bíríkìlà, n kò sì lè dì í ru ajẹ́ńtì tó bá mi wá ayálégbé. Ọwọ́ èmi onílé ló ti wá.

Ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ni mo rà lápá Àpáta, n'Ìbàdàn, owó tí mo yá ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa ni mo sì fi rà á, òun náà ni mo fi kọ́lé sí i. Odindi pulọ́ọ̀tì n'Ìbàdàn sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 lórí 100, ìyẹn bíi mítà 15 lórí 30. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó sì sábà máa ń sọ pé ó yẹ kí mítà 30 wà láàárín kànga àti ibi tí ẹ̀gbin ilé ń rì sí. Ẹ wá wo ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì: mítà 15 níbùú, mítà 15 lóròó. Láti igun kan sí igun tó jìnnà sí i jù, kò tó mítà 22. Lórí ilẹ̀ tí mo rà, kò síbi tí mo lè gbẹ́ méjèèjì sí tí wọn kò ní sún mọ́ra jù, bí n kò tilẹ̀ kọ́ ilé kankan sí i. N kò ṣe ìṣirò yìí nígbà náà. Ìṣirò yàrá ni mo ṣe. Rúùmù-àti-pálọ̀ mẹ́rin ló wà nínú púláánì. Mo fi méjì kún un. Méjì yẹn ló ti sókàwéè dé ẹ̀gbẹ́ kànga, ó sì tún bọ́ sí apá òkè, nítorí ilẹ̀ wa dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá sísàlẹ̀ níbi tí kànga wà. Owó ilé méjì yẹn ni mo ń pè ní èrè.

Kí ọ̀dà tó gbẹ, ayálégbé ti kún ilé. Omi ẹ̀rọ kò dé àdúgbò wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 1942 ni wọ́n ti sé odò ní Ẹlẹ́yẹlé kí ìlú lè rí omi ẹ̀rọ. Kànga ni gbogbo ilé ń fà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi rẹ̀ mọ́ gaara. Nígbà òjò, omi inú ilẹ̀ a ru sókè wá bá ìdí sókàwéè, kò sì ní sí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ mọ́ tí yóò sẹ́ ẹ̀gbin kí ó tó dé kànga. Ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí: inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, ibà tí kò lọ, taifọ́ọ̀dù.

Mo ní èsì fún oníkálukú. Mo ní oúnjẹ títì ni wọ́n ń jẹ. Mo ní taifọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pariwo yìí, àyẹ̀wò Widal ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò ní in pàápàá lè rí i nínú ìwé. (Òótọ́ ni pé àyẹ̀wò náà nìkan kò ṣeé gbára lé. Mo fi òótọ́ gbe irọ́ lẹ́sẹ̀.) Bí mo bá sì ń lọ gba owó ilé, mo máa ń ra piọ́ wọ́tà lójú títì kí n tó wọlé. N kì í mu omi kànga mi. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé kí n má mu ún.

Nígbà èwe wa, wolé-wolé máa ń wọ ilé onílé láti yọjú wo inú àmù, a sì máa ń sá fún wọn. Wolé-wolé kankan kò wá sí ilé mi. Tíṣà kan láàárín àwọn ayálégbé ló bu omi kànga lọ fún àyẹ̀wò. Ìlànà omi mímu ilẹ̀ wa ní E. coli kò gbọdọ̀ sí rárá nínú mìlílítà 100 omi. Ó wà nínú tiwa. Náítíréètì pẹ̀lú ju mìlígíráàmù 50 nínú lítà kan tí ìlànà fàyè gbà.

Mo ní kí wọ́n máa sè é. Nọ́ọ̀sì tó wà ní sẹ́ńtà ìlera ló já mi kulẹ̀. Ó ní síse a máa pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kì í mú náítíréètì kúrò. Bí omi bá ṣe ń gbẹ lórí iná ni yóò máa ki sí i nínú èyí tó ṣẹ́kù. Ọmọ ìkókó tó ń mu mílíìkì inú agolo tí wọ́n fi omi náà pò ni ewu rẹ̀ pọ̀ fún jù, nítorí náítíréètì kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè gbé atẹ́gùn káàkiri ara bó ṣe yẹ. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kan wà nínú ilé mi. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n, ó gba ilé ìyá tirẹ̀ lọ. Ara ọmọ náà dá. Èmi kọ́ ni mo tọ́jú rẹ̀.

Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í kó jáde, wọ́n sì ń bèèrè owó tó kù lọ́wọ́ mi. Mo pe àwọn oníbọ́họ́ọ̀lù. Ó yẹ kí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò kọ́kọ́ wá. Owó rẹ̀ dùn mí, mo fò ó. Òkúta líle ló wà lábẹ́ Ìbàdàn, ibi tó bá sán nínú rẹ̀ nìkan ni omi máa ń fara pamọ́ sí. Wọ́n gbẹ́ títí, wọn kò kan omi. Wọ́n gba owó wọn pé, nítorí ihò ni mo bá wọn ná, a kò dárúkọ omi. Èkejì ló kan omi, lẹ́yìn tí mo ti san owó ẹni tí mo fò tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí ẹ̀gbẹ́ páìpù rẹ̀ lókè kí omi ojú ilẹ̀ má bàa ṣàn wọ̀ ọ́. Mo dí sókàwéè, mo ṣe táńkì tí kì í jò tí ọkọ̀ ń wá fà. Kí ọkọ̀ náà tó lè ráyè wọlé, mo wó rúùmù-àti-pálọ̀ méjì tí mo fi kún púláánì. Sókàwéè aládùúgbò ṣì wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Ìyẹn kò sí ní ìkáwọ́ mi, nítorí náà mo ń gbé omi lọ fún àyẹ̀wò nígbà òjò.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣì ń yọ owó wọn nínú owó oṣù mi, títí kan ti yàrá méjì tí kò sí mọ́. Tíṣà yẹn ṣì ń gbé ibẹ̀. N kò tíì fowó kún owó ilé rẹ̀, òun náà kò sì tíì sọ pé ẹ ṣé.