Mọ́tò Tó Gba Ẹni Gíga
Nítorí gíga mi, orúnkún mi máa ń kan sítíárìn. Mo bá gba Ìdí-Òro dé Ládípọ̀ ní Mùṣín, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, láti bèèrè èyí tó lè gbà mí. Ẹnì kan ní, “Tíṣà, ẹ sáà tẹrí ba!” Ṣùgbọ́n bí orúnkún bá há, ẹsẹ̀ kì í tètè dé bíréèkì, ẹ̀mí èrò ń bẹ níbẹ̀.

Òde mọ́tò a máa tanni. Ìjàpá, Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò lójú ọ̀nà Àgbádárìgì ní 1975, kéré lóde, ṣùgbọ́n òrùlé rẹ̀ rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀. Orí rí àyè. Kí ẹ tó sanwó, ẹ jókòó, ẹ fa ìjókòó sẹ́yìn, ẹ yí sítíárìn, ẹ tẹ bíréèkì.