Òru Ọjọ́ Kẹta

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kí ó má tatí wéré. Òwe yìí ti pẹ́ létí wa, ṣùgbọ́n a kò mọ bí ó ti wúwo tó títí a fi bí àkọ́bí wa ní Ọ̀fà. Ìlú ìjàkadì ni a mọ Ọ̀fà sí. Ṣùgbọ́n ìjàkadì tí a fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé kì í ṣe ti ojú agbo, inú ìyẹ̀wù ni a ti jà á.

Kò tí ì pé wákàtí kan tí ọmọ dé ayé tí agbẹ̀bí fi gbé e lé wa láyà. Ohun tí ó jáde kò pọ̀. Ó ki, ó sì pupa rúsúrúsú. Ìyá ọkọ wa wò ó, wọ́n sì mi orí. Wọ́n ní, “Ìyàwó, ọmú yìí kò tí ì mọ́. Fún un dànù, kí a máa fún ọmọ ní omi àti àgbo títí ọmú funfun yóò fi dé.” Kì í ṣe ìkà ni wọ́n fẹ́ ṣe; bẹ́ẹ̀ ni a ti ṣe é fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà sì ṣe é fún ọkọ wa.

Ní òru ọjọ́ kẹta ni ogun dé. Ọmú wa wú, ó le bí òkúta, ó sì gbóná, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu ọmọ ń yọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ọmọ ń ké, àwa náà ń sunkún. Aládùúgbò kan ti gbé wàrà inú agolo wá. Kí a má purọ́, a nawọ́ sí agolo náà.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ọkọ wa lọ pe agbẹ̀bí. Ó ní kí ìyá ọkọ wa fi aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ ọmú náà, kí a sì fi ọwọ́ fún díẹ̀ jáde kí orí rẹ̀ lè rọ̀. Ọmọ la ẹnu gbàgà, ó gbá a mú, a sì gbọ́ bí ó ti ń gbé e mì. Nígbà náà ni agbẹ̀bí yíjú sí wọn: “Ìyá, ẹ má bínú. Omi pupa yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí; òun ni ó ń bá àrùn jà nínú ọmọ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ṣíbí kékeré kan ti tó o lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá fi omi kún inú rẹ̀, kò ní fa ọmú. Bí kò bá sì fà á, ọmú kò ní pọ̀.”

Lẹ́yìn náà ni a kà nípa Cicely Williams, dókítà obìnrin tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Ghana nísinsìnyí. Ní Singapore ní ọdún 1939, ó sọ gbangba pé fífi wàrà agolo aládùn rọ́pò ọmú ìyá ń pa àwọn ọmọ. Láti ọdún 2001 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti ń wí pé kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà gbáko, láìsí omi.

Ẹ̀yin ìyá ìkókó, ẹ má jẹ́ kí òru ọjọ́ kẹta dẹ́rù bà yín. Ẹ gbé ọmọ sí ọmú nígbà mẹ́jọ, àní nígbà méjìlá, ní ọ̀sán àti ní òru. Ọmọ a máa fọn díẹ̀ kí ó tó tún sanra. Ṣùgbọ́n bí kò bá tọ̀ dáadáa, tàbí tí ó rẹ̀ ẹ́ jù láti mu ọmú, ẹ má ṣe jáfara, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ní ọjọ́ kẹjọ, a sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí ó kan oyin, iyọ̀ àti omi, gbogbo ilé ń wo ọwọ́ ìyá ọkọ wa. Wọ́n ṣàdúrà tán, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi í kan ẹnu wa dípò ẹnu ọmọ. Wọ́n ní, “Ohun tí ìyá bá jẹ ni yóò dé ọ̀dọ̀ ọmọ.”