Tẹ̀ Ẹ́ Wò Kí O Tó Ká A

Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi bí a ṣe ń ká erèé, ní Ifẹ̀wàrà, lórí ilẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn oko kòkó wọn. Kòkó ni ayé fi mọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Òkè Ọya ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀wà tí à ń rà lọ́jà ti ń wá, bẹ́ẹ̀ òjò tiwa ló fà á. Erèé fẹ́ omi nígbà tó bá ń dàgbà, ṣùgbọ́n bí èso rẹ̀ bá ti gbó tán, òjò di ọ̀tá rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí Ìyá fi máa ń sọ pé, "Ìyàwó mi, ọjọ́ tí o gbìn ín lo ti yan ọjọ́ tí wàá ká a." Wọn kì í gbin erèé pẹ̀lú òjò àkọ́rọ̀. Wọ́n á dúró di ìparí Ọ̀gọ́ọ̀sì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Sẹ̀tẹ́ńbà, kí ó lè fi òjò àrọ̀kúrò dàgbà, kí èso rẹ̀ sì máa gbẹ bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nòfẹ́ńbà. Ife Brown ni irú tí wọ́n fẹ́ràn, èyí tí wọ́n mú jáde ní Yunifásítì Ifẹ̀ kí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà tó di Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987. Bí oṣù méjì ààbọ̀ ló ń lò nínú ilẹ̀.

Mo bi wọ́n pé ṣé kí n kúkú máa ka ọjọ́ ni, mà. "Má ka ọjọ́. Tẹ̀ ẹ́ wò."

Òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí erèé kì í gbó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òdòdó rẹ̀ á là ní ìdájí, á pa dé kí ọ̀sán tó pọ́n, òmíràn á tún là lọ́jọ́ kejì. Láti òdòdó dé èso gbígbẹ tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí náà òdòdó, èso tútù àti èso gbígbẹ máa ń wà lórí igi kan ṣoṣo. Ńṣe là ń rìn ín, tí à ń ṣà á, tí à ń padà wá.

Ìyá di ọwọ́ mi mú, wọ́n fi àtàǹpàkò mi tẹ èso kan tó ṣì jẹ́ tútù. Ó le, omi kún èèpo rẹ̀, n kò mọ hóró kankan lára nínú rẹ̀. Wọ́n mú mi dé orí èyí tó ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀: èèpo ti dẹ̀, mo sì lè ka hóró inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta ti di àwọ̀ koríko gbígbẹ. Mo mì í létí, ó dún bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kékeré. Èyí ni ká ká.

Àárọ̀ la máa ń ká a, nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, torí bí oòrùn bá mú, èèpo gbígbẹ á là, á da hóró sílẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó sá a sórí tapólì. Bí òjò bá ṣú, a ó ká èyí tó ti ń pọ́n mọ́ gbígbẹ, a ó tẹ́ ẹ sínú ilé. Hóró rẹ̀ ti kún tán, yóò gbẹ dáadáa. Tútù ni kò ṣeé ká fún ìpamọ́, hóró rẹ̀ á hunjọ. Èyí tí òjò bá sì bá lórí igi lẹ́yìn tó gbẹ á hu nínú èèpo, tàbí kó bu.

Ọ̀rọ̀ kòkòrò ló dùn mí jù, nítorí ọ̀pọ̀ wa rò pé inú àpò ni ẹ̀wà ti ń lu. Oko ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Abo kòkòrò náà á fò wá, á yé ẹyin sára èso tó ti gbẹ, ẹyin rẹ̀ sì lè tó bí 100. Ọmọ á gbẹ́ hóró wọlé, a ó gbé e délé láìmọ̀, lẹ́yìn bí oṣù kan ihò á yọ. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí èso gbígbẹ bá fi pẹ́ lórí igi, kòkòrò là ń dúró dè.

Kí a tó pa á mọ́, Ìyá á ju hóró kan sẹ́nu, wọ́n á gé e. Bí eyín bá wọ inú rẹ̀, yóò tún lọ sínú oòrùn. Bó bá fọ́ kà, wọ́n á dà á sínú garawa, wọ́n á dé e pa. Wọ́n ti ní òtílì ni a ó kọ́ tẹ̀lé e.